Èèyàn mélòó ló wà n'Ílọrin gan-an? Ẹ jẹ́ ká tú u wò

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa ní Sátidé tó kọjá. Ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn Ìlọrin ti lé ní mílíọ̀nù kan, kíá, ìbátan wa kan tó ń gbé Ìbàdàn ti fò mọ́ ọn pé irọ́ ni, òun yẹ̀ ẹ́ wò lórí Google, 777,667 lòun rí. Ẹlòmíì ní 364,666 lòun rí ní tòun o. Kí ilẹ̀ tó ṣú ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí èèyàn mélòó, ó ti di ta ló kàwé ju ta ni. Bàbá wa àgbà kan tí wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló wá fi ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó yìí, wọn ò léegun rárá. Ṣé àwọn tó ń kì í bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un ka orí èèyàn kí wọ́n tó mọ̀ pé ó tóbi ni?" La bá bú sẹ́rìn-ín, ìjà parí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí pé nígbà tí mo jókòó tì í, mo rí i pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kálukú ló níbi tó ti mú nọ́ńbà tiẹ̀. Ìlọrin tí wọ́n ń sọ ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìlọrin wo là ń sọ?

Ìlọrin àwọn àgbà wà. Tí màmá kan ní Pàkátà bá sọ fún yín pé ìgboro làwọn ń gbé, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni àwọn agbo ilé tó yí Ọjà Ọba àti ààfin Ẹ́míà ká, Adétà, Òkèlele, Gàmbàrí, Ìpàtà, ibi tí bàbá bàbá wọn ti gbé kí ẹnikẹ́ni tó máa dárúkọ Tánkẹ́, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní ti irú màmá bẹ́ẹ̀, Tánkẹ́ oko ni, kódà kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé sẹ́ẹ̀fù kọ̀ntéènì kan níbẹ̀ lówó ju odidi ilé lọ lágboolé wọn.

Ìlọrin ti ìwé ìjọba náà wà, mẹ́ta sì ni wọ́n pín òun sí: ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Ìlọrin, Ìlà Oòrùn Ìlọrin àti Gúúsù Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, Ìwọ̀ Oòrùn ní 364,666, Gúúsù ní 208,691, Ìlà Oòrùn ní 204,310. Ẹ ro ó pọ̀, 777,667 lẹ máa rí. Ẹ rí i báyìí pé nínú ilé kan náà làwọn èèyàn wa méjì yẹn wà, ọ̀kan wọ yàrá kan ṣoṣo, èkejì ka gbogbo yàrá mẹ́ta, ni wọ́n wá ń pe ara wọn lópùrọ́.

Ìlọrin kẹta, ojú lásán ló ń rí i, kò sí nínú ìwé. Òun ni tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti ọ̀nà Ẹyẹńkọrin, tẹ́ ẹ la ìlú já, tẹ́ ẹ jáde sí ọ̀nà Àjàṣẹ́, tí ilé ń kan ilé, ṣọ́ọ̀bù ń kan ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ ò sì rí igbó kan gidi kẹ́ ẹ tó kọjá Gánmọ̀ àti Àmọ́yọ̀. Gbogbo ibi tí ilé so mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀, táwọn tó ń gbébẹ̀ jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n jọ ń lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú kan náà, ohun táwọn tó ń ṣètò ìlú ń pè ní ìlú ńlá nìyẹn. Ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan lójú tiwọn.

Ṣé ẹni tó ń gbé Gánmọ̀, ará Ìlọrin ni?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Gánmọ̀. Ibi iṣẹ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Post Office, Gáà Àkànbí lọmọ wọn ti ń kàwé, Ìpàtà ni wọ́n ti ń ra ata. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé, wọ́n á ní Ìlọrin ni, wọn ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni Gánmọ̀ wà, Ṣààrẹ̀ tó jìnnà réré ni olú ìlú rẹ̀. Àmọ́yọ̀ náà, Ìfẹ́lódùn ni. Ẹyẹńkọrin ńkọ́? Ásà ni. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wọ inú 777,667.

Ẹ wá yí i padà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ìlọrin fẹ̀ tó 486 kìlómítà níbùú lóròó, Òkè-Ọyì ni olú ìlú rẹ̀, oko iṣu àti abúlé ló kún apá kan ibẹ̀ títí dòní. Fúfù ni olú ìlú Gúúsù Ìlọrin, ẹni tó bá ti dé Fúfù rí mọ̀ pé ìyẹn àti Tánkẹ́ ò jọra, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lábúlé níbẹ̀, wọ́n kà wọ́n mọ́ 777,667. Ẹni tí kì í wá sígboro àfi ọjọ́ ọjà di ará Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n mi tó ń wá lójoojúmọ́ di ará Ìfẹ́lódùn.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn mo fẹ́ fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi yìí, mo pe àwọn ọmọ tó máa ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù. Ọmọ yẹn ní, "Bọ̀dá, ṣé inú Ìlọrin ni àbí Gánmọ̀?" Mo ní Gánmọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ fi ẹgbẹ̀rún kan kún un nìyẹn." Kò ní máàpù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí Ìlọrin tiẹ̀ parí sí.

Kí ló dé tó jẹ́ nọ́ńbà 2006 la ṣì ń gbé kiri?

Torí pé òun la ní jàre. Ìkànìyàn túmọ̀ sí pé kí wọ́n rán èèyàn lọ láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n ka gbogbo orí, ọmọdé, arúgbó, ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá bá ẹ ni wọ́n máa kà ẹ́ sí, kì í ṣe ibi tí bàbá ẹ ti wá. Wọ́n ṣe é ní 1991, wọ́n ṣe é ní oṣù kẹta 2006, wọn ò tíì ṣe òmíì parí látìgbà yẹn. Wọ́n ti dá oṣù karùn-ún 2023 tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń múra, ìjọba Buhari sún un síwájú nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbéjọba sílẹ̀, ibẹ̀ ló wà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kà wá kẹ́yìn ti tó dìbò báyìí.

Ìjà ò ní ṣàì wà nínú ìkànìyàn lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n fagi lé ti 1962, wọ́n tún un ṣe ní 1963, ariwo tẹ̀ lé e, wọ́n ka ti 1973, wọ́n tún fagi lé e. Ní 2006, wọn ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n mọ ohun tí ìbéèrè yẹn máa bí.

Gbogbo nọ́ńbà tó bá jáde lẹ́yìn 2006 tó sọ pé Ìlọrin ti di báyìí báyìí, ẹ mọ̀ pé wọn ò kà á. Wọ́n fojú bù ú ni. Fojú-bù kì í ṣe irọ́ o, ìṣirò ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà ló máa sọ ibi tí wọ́n máa já sí. Mílíọ̀nù kan tí wọ́n kọ sórí WhatsApp wa yẹn, irú rẹ̀ ni. Ìṣirò kan tó gbajúmọ̀ láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé Ìlọrin sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, àwọn ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀ láti 777,667 máa ń gbé e jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fojú bù ú?

Ẹ jẹ́ kí n fi ewúrẹ́ ṣàlàyé. Ká ní ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́ wà nínú agbo, lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ èyí tó kú, tẹ́ ẹ ro èyí tí wọ́n bí àti èyí tẹ́ ẹ rà kún un, lópin ọdún ó di 103. Ìdàgbà ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ló ń bímọ mọ́, 103 ni, àwọn ọmọ ọjọ́sí náà ti dàgbà wọ́n ń bí tiwọn. Bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀, àlékún ọdọọdún ń pọ̀ sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 yẹn ò yí padà.

Ẹ wá fi sórí Ìlọrin. Tá a bá mú 777,667 ti 2006, tá a fi ìdá 3 lé e lọ́dún kìíní, àlékún rẹ̀ á tó nǹkan bí 23,000 èèyàn. Tá a bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di 2025, àpapọ̀ á ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 360,000, àlékún ọdún kan ṣoṣo á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000. Ọgbọ́n kékeré kan wà táwọn oníṣirò máa ń lò, ẹ mú 70 kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ìdàgbà pín in, iye ọdún tí ìlú fi máa di ìlọ́po méjì lẹ máa rí. 70 pín sí 3, ọdún mẹ́tàlélógún ó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ìdá 3 ni? Ẹlòmíì á ní ìdá méjì àtààbọ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn ṣe é láti 2006 sí 2025, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 240,000 ló máa jáde. Ààbọ̀ péré ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, èèyàn 120,000 ló ti sọnù yẹn, iye tó ju gbogbo èèyàn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà ní 2006 lọ, torí 89,674 ni tiwọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí fojú-bù tí wọ́n kọ dé orí ẹyọ èèyàn kan, irú 1,363,642 bẹ́ẹ̀. Èwo ni ti méjì tó kẹ́yìn yẹn? Àbí wọ́n kí wọn kú àárọ̀ ni?

Ibo lèèyàn ń gbà wọ̀lú?

Tọmọ bíbí yé gbogbo wa, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n ń bí bá pọ̀ ju àwọn tó ń kú, ìlú á kún.

Ọ̀nà kejì ni pé kí èèyàn kó wá láti ibòmíì. Látìgbà tí Ìlọrin ti di olú ìlú Kwara ní 1967 ni iṣẹ́ ìjọba ti ń fà wọ́n wá, yunifásítì dé ní 1975, àwọn iléèwé gíga mìíràn tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ á dé, ẹni tó máa tajà fún akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ lé e, ẹni tó máa kọ́lé fún wọn á tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ lọ wo Tánkẹ́ àti Òkè-Odò nígbà tí yunifásítì bá wọlé, kẹ́ ẹ tún padà lọ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àwọn ìyá oníńdomíì tó wà létí títì yẹn, wọn ò nílò kí NPC, àjọ tó ń ka èèyàn, sọ fún wọn pé èèyàn ti dín kù. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé náà ti lé àwọn kan kúrò lábúlé wọn ní gúúsù Kwara, àwọn tó lẹ́bí n'Ílọrin tàbí l'Ọ́fà ń sá tọ̀ wọ́n wá. Irú ìyẹn kì í ṣe ìdàgbàsókè lójú tèmi, àmọ́ nínú nọ́ńbà ìlú, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ yàtọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí: ìlú lè jókòó síbi tó wà kó máa gbé abúlé mì. Ẹ gbọ́ orúkọ àdúgbò n'Ílọrin ná. Gáà Àkànbí. Gáà Ìmáàmù. Kí là ń pè ní gáà? Ibùdó àwọn Fúlàní darandaran ni. Ibi tí màlúù ń sùn sí tẹ́lẹ̀ lèèyàn ti ń bá lánlọ́ọ̀dù jà lórí owó iná lónìí. Àwọn tó ń gbé gáà láyé ọjọ́un ò kó wá sílùú, ìlú ló kó wá bá wọn. Bó ṣe ń lọ ní Gánmọ̀ náà nìyẹn: sáfíọ̀ á kọ́kọ́ dé pẹ̀lú òpó símẹ́ńtì, plọ́ọ̀tì á ti máa tà, ẹnì kan á gbẹ́ kànga, ẹnì kan á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí kọ́nà, kẹ̀kẹ́ NAPEP á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń ná ibì kan láàárọ̀ lálẹ́ ibẹ̀ ti dìlú nìyẹn.

Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kó kúrò ní Adéwọlé lọ sí Gánmọ̀, nínú ìwé, Ìlọrin dín kù, bẹ́ẹ̀ ilé tuntun ni wọ́n kọ́ mọ́ ìlú. Ẹni tó wá kó kúrò ní Ṣààrẹ̀ wá sí Gánmọ̀ láti wáṣẹ́ n'Ílọrin, ìwé ò ní mọ̀ pé ó kúrò níbì kankan. Inú Ìfẹ́lódùn ló wà tẹ́lẹ̀, inú ẹ̀ náà ló ṣì wà.

Nílé wa ńkọ́, lápá gúúsù?

Òmù-Àrán nìyá mi ti wá, tí mo bá délé wọ́n á ní, wò ó bí ilé ṣe pọ̀, ìlú yìí ti tóbi. Òótọ́ ni, ilé pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kan ilẹ̀kùn. Ládúgbò ìyá mi, mo ka ilé mọ́kànlá lọ́jọ́ kan, alágàádágodo ni márùn-ún nínú ẹ̀, Èkó làwọn tó ni ín wà, Kérésì ni wọ́n máa ń wá. Ilé ń pọ̀, èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fi òrùlé ka èèyàn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àṣìṣe ló máa kà.

Àjàṣẹ́-Ìpo yàtọ̀ torí oríta ló wà, ọ̀nà Ìlọrin, ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán pàdé níbẹ̀, ìdúró ọkọ̀ nìkan tó láti bọ́ ọjà kan. Ọ̀fà wá ni tiẹ̀ rọrùn jù: ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ò ju 95 kìlómítà níbùú lóròó, ìlú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀ tán, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà, ìlú Ọ̀fà lẹ rí yẹn. Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìfẹ́lódùn tó fẹ̀ tó 3,435 kìlómítà pẹ̀lú èèyàn 206,042 ní 2006. Ìyẹn jẹ́ ọgọ́ta èèyàn lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó, nígbà tí Ìwọ̀ Oòrùn Ìlọrin ní nǹkan bí 3,470. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta yẹn náà, ẹ má gbà á gbọ́ fún Gánmọ̀, igbó tó wà lọ́nà ibòmíì ni wọ́n fi bù ú.

Ẹ kíyè sí nọ́ńbà àtijọ́

Tẹ́ ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ní Ìlọrin, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìlú ni àbí Pròfíǹsì. Láyé òyìnbó, Pròfíǹsì Ìlọrin tóbi ju ìlú lọ fíìfíì, òun àti Pròfíǹsì Kàbbà ni wọ́n pa pọ̀ di Kwara ní 1967. Kwara yẹn náà kì í ṣe Kwara òní, torí ní oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n gé apá kan lọ fún Kogí, tí Bọ̀rgú lọ sí Niger, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ka èèyàn. Ẹni tó bá gbé Kwara àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kwara 1991 tó wá ní a ti ń kú tán, ilẹ̀ ni wọ́n gé, kò sẹ́ni tó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni 208,546 tí wọ́n kà fún Ìlọrin ní 1963: ìlú nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta sì ni 777,667.

Kí ló kàn wá nínú ẹ̀?

Owó ni. Nínú owó tí wọ́n ń pín láti Àbújá fáwọn ìpínlẹ̀, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi iye èèyàn pín, ìdá 40 jẹ́ ọgbọọgba, ìyókù lọ sórí ilẹ̀ àtàwọn nǹkan mìíràn. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Gánmọ̀: ìlú ló ń kún un, títì ìlú ló ń lò, ọsibítù ìlú ló ń lọ, ṣùgbọ́n nínú ìwé wọ́n kà á mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ abúlé àti oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò omi fún Ìlọrin ò ní í lọ́kàn, ẹni tó wà ní Ṣààrẹ̀ ní abúlé rẹpẹtẹ tó ń dúró dè é. Mo rò pé tí wọ́n bá fẹ́ ka èèyàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yẹ kí wọ́n gbé nọ́ńbà kan jáde lọ́tọ̀ fún gbogbo ibi tí ilé kan ilé, ìjọba ìbílẹ̀ yòówù kó jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe ọmọ ọlọ́kadà yẹn, mo ti ka ẹgbẹ̀rún kan àlékún sílẹ̀ kó tó dé. Ó ní, "Rárá o, Bọ̀dá, Gánmọ̀ ti di Ìlọrin. Ìdófìán tó wà níwájú la wá ń gba àlékún fún báyìí."